Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Funfun

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé kí n máa pa ẹ̀yìn àwọn èèyàn rẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò pa ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni mo wà, fọ́tò pásípọ́ọ̀tì la ń yà jù, ìjọba sì ti ní ẹ̀yìn ẹni tó bá wà nínú fọ́tò gbọ́dọ̀ funfun báláú. Bí oníbàárà bá gbé fọ́tò tirẹ̀ wá láti ilé, tí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí igi, tàbí àbúrò rẹ̀ tó ń ya ẹnu jẹ búrẹ́dì, èmi ni màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ títí yóò fi ku orí àti èjìká. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ọ̀gá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé ọ̀run pàápàá fún mi, funfun ni màá kùn ún.

Ẹ ó wá rí i pé nígbà tí màmá mi ní kí n ya òkè fún òun, ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀ ló bẹ̀.

Òkè náà wà ní abúlé tí wọ́n ti bí i. Èmi ò rí i rí. Ìlú níbí ni wọ́n bí mi sí, kí n sì tó mọ̀ pé abúlé kan wà, ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta ti débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ òkè náà wẹ́wẹ́, wọ́n sì kó o lọ tẹ́ sí abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀. Màámi máa ń sọ pé, "Bóyá orí rẹ̀ gan-an lò ń gbà lọ síbi iṣẹ́." Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́, ẹ̀rín tí kì í dé ojú.

Fọ́tò rẹ̀ ò sí. Ta ló máa ń ya òkè ní fọ́tò, nígbà tí òkè kì í lọ síbì kankan? Fọ́tò kan ṣoṣo ni Màámi mú kúrò nílé baba rẹ̀: òun àti baba rẹ̀ dúró níwájú ilé, òun jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó fún ẹnu pọ̀ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn wọn gangan ni òkè wà. Ṣùgbọ́n onífọ́tò tó wá lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n pàdé rẹ̀, gbé aṣọ funfun kan wá láti ìlú. Ó ní ẹ̀yìn wọn ti dí jù, ó ta aṣọ náà sẹ́yìn wọn kí fọ́tò lè mọ́. Bí òkè ṣe wọ ẹ̀yìn aṣọ nìyẹn. Ní etí aṣọ náà lápá òsì, níbi tó ti ká díẹ̀, ohun dúdú kan wà tí kò ju èékánná lọ. Màámi ní ìdí òkè nìyẹn. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún un láyé nìyẹn.

N kì bá bínú sí onífọ́tò náà tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ojú fi iná wo ojú Màámi méjèèjì, ó wò wọ́n pẹ́, ó sì jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Dókítà tó bá jókòó kó tó sọ̀rọ̀, ẹ mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní ojú náà ń tì láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ ti lọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oògùn kíkán tí òun fẹ́ fún un, kó má tètè tì tán ni. Mo béèrè pé ìgbà wo. Ó ní ó lè tó ọdún kan, ó lè má tó o.

Mo mú Màámi wọ ọkọ̀ padà sílé. Nígbà tó bọ́ bàtà tán, ó pè mí ní orúkọ ìnagijẹ tó sọ mí láti kékeré nítorí pé mo kúrú, mo sì máa ń ta.

"Atawẹ́wẹ́."

"Màámi."

"Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ fọ́tò, ṣé o ò lè bá mi ya òkè wa? Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan péré kí ojú yìí tó tì."

"Màámi, pípa rẹ́ ni mo mọ̀, mi ò mọ yíyà."

"Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ," ló wí, "ó kù díẹ̀ kó mọ bí wọ́n ṣe ń rán an."

Mo wá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ wá ẹni tó máa kọ́ mi. Mo rí ọkùnrin kan tó nírùngbọ̀n rẹpẹtẹ, tó máa ń fi kọ̀ǹpútà ya odò, igbó àti òkè, tí èèyàn á fi búra pé fọ́tò ni. Fídíò rẹ̀ lé ní igba. Onírùngbọ̀n ni mo sọ ọ́. Bó bá ti fa ìlà kan báyìí, òkè ti yọ. Bó bá tẹ pẹ́ẹ̀nì lẹ́ẹ̀mẹta, igi ti hù. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó rọrùn." Mo ti ṣépè fún ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe kí i lọ.

Ọ̀gá yá mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó ní pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi ń yàwòrán sójú rẹ̀, èyí tó rà tó sì jù sínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí kò yé e. Aago méje ni mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, oníbàárà kì í dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Wákàtí méjì yẹn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Màá gbé fídíò sójú kọ̀ǹpútà, màá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sórí itan; bí Onírùngbọ̀n bá fa ìlà, èmi náà á fa ìlà, màá dá a dúró, màá dá a padà, màá tún un wò.

Òkè àkọ́kọ́ tí mo yà, Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó.

"Àǹtí, ṣé bàsíà ìfọṣọ nìyí?"

"Òkè ni, sà."

"O kú iṣẹ́ o," ló wí, ó sì yára wọ yàrá inú lọ kí n má bàa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Lóṣù kẹta, mo tẹ̀ lé fídíò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ibì kan sílẹ̀, òkè gidi sì jáde. Mo sáré gbé e délé. Màámi gbé e súnmọ́ imú, ó wò ó fínnífínní.

"Kí ni funfun orí rẹ̀ yìí?"

"Yìnyín ni, Màámi."

"Yìnyín. Ta ló gbé e gòkè lọ síbẹ̀?"

Mo ní bí ẹni tó ń kọ́ mi ṣe yà á nìyẹn.

"Igi rẹ̀ wá rí ṣóńṣó báyìí bí abẹ́rẹ́. Ẹyẹ wo ló fẹ́ bà lé e? Àbí ẹyẹ ibẹ̀ kì í jókòó ni?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òkè Onírùngbọ̀n ni mo yà, òtútù ìlú rẹ̀ sì bá a wá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn: lọ́jọ́ yẹn, Màámi rí yìnyín náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jókòó kọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Onírùngbọ̀n kọ́ mi pé ohun tó bá jìnnà máa ń ṣá bí èéfín, ohun tó bá sún mọ́ ni yóò dúdú. Ó kọ́ mi ní ìpele: pé wọn kì í ya gbogbo nǹkan sójú kan náà. Òfuurufú wà ní ìpele tirẹ̀, òkè ní tirẹ̀, igi ní tirẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn to gíláàsì lé ara wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya ojú kékeré kan síbẹ̀. Bí o bá tẹ ojú òkè, ojú náà yóò padé, òkè yóò sì pòórá kó má bàa dí ọ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń kun òfuurufú. Bí o bá tún un tẹ̀, ojú yóò là, òkè yóò padà sáyè rẹ̀. Mo fẹ́ràn ojú kékeré yẹn. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń pa nǹkan rẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí mo pa rẹ́ máa ń padà wá.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, èmi àti Màámi á jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, màá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé e lẹ́sẹ̀, yóò tẹ orí ba bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, yóò sì máa sọ, èmi á máa kọ ọ́ sínú ìwé.

"Èjìká òsì rẹ̀ ga jù. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Orí rẹ̀ pátápátá, pẹrẹsẹ ni, bíi pé ẹnì kan jókòó lé e."

"Òkúta mẹ́ta wà láàárín rẹ̀, ńlá kan, kékeré méjì. Ìyá àtàwọn Ọmọ la máa ń pè wọ́n."

"Igi kan dá dúró lápá ọ̀tún. Ó tẹ̀. Má jẹ́ kó nàró o, kò nàró rí láyé rẹ̀."

Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi ìka tọ́ ibi tó ń sọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, inú afẹ́fẹ́ ló ń yà á sí, ìka rẹ̀ á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á yí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló wọ̀ ọ́ lára. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tó ń rí ń jinlẹ̀ sí i, inú mi sì ń dùn pé iṣẹ́ náà ti mọ́ ọwọ́ mi débi tí ó fi lè máa bá mi wá fínnífínní. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo rẹ èjìká òsì yẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan lásìkò òjò, ó na ọwọ́, ó sì gbá ife omi dà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo já a gbà.

"Màámi! Ṣé ẹ ò ríran ni?"

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ kí n tó mọ̀. Màámi fi etí ìró rẹ̀ nu itan, ó rọra nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Má bínú, ìyá mi," ló wí. "Mo rò pé o ti gbé ife yẹn kúrò níbẹ̀ ni."

Mo nu tábúlẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé kò kú, inú mi rọ̀. Kó tó dalẹ́ mo ti gbàgbé. Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, Màámi ní òun ò lọ, pé òun ń ríran dáadáa, kí ló kù tí òun fẹ́ lọ gbọ́. Èmi tí mo máa ń bá gbogbo ayé jà, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ náà, ìdíwọ́ ni mo sì ka ìrìn àjò ilé ìwòsàn sí.

Oṣù kẹrìnlá ni mo parí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Ọ̀gá wọlé láàárọ̀, ó fi àpò sílẹ̀, ó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi.

"Níbo lèyí? Ta ló ya fọ́tò yìí?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù, ó tún un gbé wọ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Àǹtí," ló wí, "ìwọ lo yà á."

Mo jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dúró sáàárín àwọn páálí ìwé fọ́tò, mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Mo ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, kò tíì sí ohun kan láyé yìí tí mo fi ọwọ́ mi dá, tí ẹlòmíràn fi béèrè pé ta ló ṣe é. Mo tẹ Màámi láago. Mo ní kó wẹ̀, kó múra, pé mò ń gbé òkè bọ̀ nílé.

Òfuurufú nìkan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ọwọ́ mi ti mọ funfun jù, bẹ́ẹ̀ Màámi ní àárọ̀ kùtù ni kí n yà. Lọ́sàn-án, mo pa ojú òkè dé, mo pa ojú igi dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun òfuurufú yẹn jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkùnrin kan já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ: ó fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ kò funfun, wọ́n ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi iṣẹ́ mi pamọ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo tì í sínú àpò, mo sọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà di funfun, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbalé lọ.

Màámi ti wẹ̀. Aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ ló wọ̀, ó jókòó sórí àga gígùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan bíi tọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò jókòó tì í. Iwájú rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, nítorí pé ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò nígbà tó bá rí i. Mo tan tábúlẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sókè kọjú sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Ó tẹ orí wá síwájú.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Òun nìyí."

Omi ti ń bọ́ lójú mi.

"Òun gan-an nìyí. Èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìyá àtàwọn Ọmọ rèé." Ó na ìka, ó fi kan ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó fà á lọ díẹ̀díẹ̀. "Wo igi náà, ó ṣì tẹ̀ síbẹ̀. Baba mi máa ń bọ́ sí ìta láàárọ̀, á wò ó, á ní, 'Ó ṣì wà níbẹ̀.' Bíi pé ó lè sá lọ. Ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun, ìyá mi."

Mo dìde, mo jókòó tì í kí a lè jọ wò ó. Mo yí tábúlẹ́ẹ̀tì síhà ọ̀dọ̀ mi.

Òfuurufú ni. Òfuurufú lásán, tó ṣá, tó kù díẹ̀ kó funfun, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Òmùgọ̀ ni mí o. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ ti jẹ iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn ojú kékeré náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé bí mo ṣe pa wọ́n dé ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n ti tún ta aṣọ funfun bo òkè náà, èmi sì ni onífọ́tò.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wo Màámi. Ó ṣì kọjú síbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ibi tí kò séèyàn mọ́.

Láti ìgbà wo? Mo ń kà á padà: ife omi, ìka tó ń yàwòrán sínú afẹ́fẹ́, ọjọ́ dókítà tó kọ̀ tí kò lọ. Yìnyín ló rí, ìyẹn dá mi lójú. Lẹ́yìn yìnyín ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó fi ń sọ pé kí n rẹ èjìká yẹn sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ohun tí kò rí ló ń bá wí. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti yà á dáadáa, tí mo sì fi ẹ̀ẹ̀márùn-ún bà á jẹ́. Bóyá mi ò yà á dáadáa rí. Ọmọ gé ọwọ́ tán, ó sọ ọ̀bẹ nù. Ọ̀bẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Mo tẹ ojú òkè, ó là. Mo tẹ ojú igi. Òkè jáde wá, òkúta mẹ́ta ní àárín rẹ̀, orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ìkùukùu àárọ̀ ní ìdí rẹ̀. Ó rẹwà. Mi ò ní tijú sọ ọ́, ó rẹwà. Ní gbogbo ayé, èmi nìkan ni mò ń wò ó, èmi tí mi ò rí i rí.

"Ṣé o ṣì ń wò ó?" ni Màámi wí.

"Mò ń wò ó, Màámi."

Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kiri lórí àga títí ó fi kan orúnkún mi, ó sì dúró síbẹ̀.

"Atawẹ́wẹ́."

"Màámi."

"Ìwọ tó ò ń ríran, ṣé ó jọ ọ́?"

Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti gbọ́ nínú bí mo ṣe dákẹ́ pé mo ti mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti tì.

"Ó jọ ọ́ gan-an, Màámi."

"Èjìká òsì ńkọ́?"

"Ó wálẹ̀ dáadáa."

"Ó dáa," ló wí. "Gbé e fún mi kí n gbé e dání díẹ̀."

Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó tẹ orí ba. Kò pẹ́, iná tábúlẹ́ẹ̀tì náà kú fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń kú bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Mi ò sọ fún un.